Ariwo Lábẹ́ Mọ́tò Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Àgídìngbì ni mo ń yẹ̀ wò tí mo fi rí i pé wọ́n ra ṣọ́ọ̀kì píkọ́ọ̀pù wọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́jọ. Síbẹ̀, mọ́tò náà ń ké bí ọmọ eku nígbàkúùgbà tó bá bọ́ sí kòtò.

Ṣọ́ọ̀kì kì í sábà ké. Bí ó bá bàjẹ́, epo a máa jò lára rẹ̀, mọ́tò a sì máa fì sókè sílẹ̀. Rọ́bà tó gbẹ, sípíríǹgì tí ń ha ara wọn, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tí kò ní gíríìsì mọ́ ló ń ké.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí táyà wà nílẹ̀. Kí ẹnì kan máa tẹ imú mọ́tò, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ́tí. Ẹ wọ́n omi sí rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá wọ́n omi sí tí ariwo dákẹ́, òun ni. Omi á gbẹ, ariwo á padà, nítorí náà rọ́bà tuntun ni kí ẹ rà. Ẹ má da epo ẹ́ńjìnnì sí i bí àwọn awakọ̀ wa ti fẹ́ràn láti ṣe: epo a máa mú rọ́bà wú, a sì jẹ ẹ́.

Bí omi kò bá pa ariwo náà, ẹ rọra fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù jọ́ìntì bí wọ́n ti ń tẹ mọ́tò. Èyí tó gbẹ a máa gbọ̀n lọ́wọ́. Bí ó bá yọ lórí eré, táyà yóò ṣubú síta, awakọ̀ kò sì ní lè darí mọ́tò mọ́. Ẹ má jẹ́ kó ru ẹrù lọ́jọ́ náà.

Ní ti ẹgbẹ́ tí mo wí, rọ́bà sípíríǹgì ẹ̀yìn ni.