Ilẹ̀ Dúdú Tó Ń Wú: Kí Ló Fọ́ Kọnkéré Iwájú Ilé Màmá Àgbà?

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lónìí dá lórí kọnkéré, amọ̀ àti omi. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá o! Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa, ìdí nìyẹn tí mo fi wádìí rẹ̀.

Iṣẹ́ kọnkéré ni Dádì mi ń ṣe níbí ní Toronto. Tí ìgbà ooru bá ti dé, wọ́n á máa da kọnkéré síwájú ilé àwọn èèyàn, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Màmá Àgbà, ìyá Dádì mi, ń gbé ní abúlé wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Tí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, iwájú ilé wọn á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Lóru ọjọ́ kan, ara Màmá Àgbà ò yá, mọ́tò ò sì lè dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé wọn dé títì. Ìgbà tí Dádì gbọ́, wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò wọn, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, pé kó da kọnkéré láti títì dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Kọnkéré náà ò pé ọdún kan tó fi là. Dádì wo fọ́tò rẹ̀, inú bí wọn. Wọ́n ní, "Ó ti fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ ṣe é, ó fi owó yòókù ṣe nǹkan mìíràn." Bàbá Kékeré ní àwọn ò jẹ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ò pe ara wọn mọ́. Èmi fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Mo wá bi ara mi pé: ṣé sìmẹ́ńtì ló kéré ni, àbí nǹkan mìíràn ló fọ́ kọnkéré yẹn?

Kọnkéré àti bisikíìtì

Sìmẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ni wọ́n ń pò pọ̀ di kọnkéré. Èmi ti rò pé kọnkéré máa ń gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi àti sìmẹ́ńtì máa ń di ara wọn mú, wọ́n á sì di bí òkúta. Iṣẹ́ yẹn kì í tán lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ 28 ni àwọn oníṣẹ́ máa ń dúró kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀.

Kọnkéré lágbára gan-an tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára tí nǹkan bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọ. Ẹ dán an wò pẹ̀lú bisikíìtì. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́: kò ní fọ́. Ẹ wá fi pẹ́ńsùlù sábẹ́ rẹ̀ ní àárín, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ méjèèjì: pàà! Bisikíìtì kan náà ni. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yí padà.

Nítorí náà, tí kọnkéré bá là, ẹ má kàn wo kọnkéré nìkan. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀.

Amọ̀ tó ń mu omi

Amọ̀ ò jọra. Irú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ montmorillonite. Ìlú Montmorillon ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Inú rẹ̀ dà bí ìwé tí ojú ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Tí òjò bá rọ̀, omi á wọ àárín àwọn ojú ewé yẹn, á sì tì wọ́n kúrò lára ara wọn. Amọ̀ náà á wú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á jáde, amọ̀ á súnkì, ilẹ̀ á sì là. Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń wú, ó ń súnkì.

Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní gúúsù Tógò àti gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní Yewa. Lama ni wọ́n ń pè é ní Bẹ̀nẹ̀, ẹrẹ̀ sì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè Potogí. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, ń gbé lórí ilẹ̀ dúdú yìí, láàárín Pobè àti Kétu. Láyé àtijọ́, tí òjò bá ti dé, àjèjì ò lè rí ọ̀nà gbà níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ fún ìjọba Faransé ní ọdún 1914 sí 1915, ẹrẹ̀ yẹn wà lára ohun tó dáàbò bò wọ́n.

Kánádà náà ní irú ilẹ̀ yìí. Regina àti Winnipeg wà lórí amọ̀ tó ń wú, torí adágún ńlá ló wà níbẹ̀ nígbà tí yìnyín ayé àtijọ́ ń yọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ibi tí sìmẹ́ńtì ti ń wá ò jìnnà sí ilẹ̀ dúdú yìí rárá. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960. Ti Ìbẹ̀sè, ní Àríwá Yewa gan-an, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Ní Bẹ̀nẹ̀, òmíràn wà ní Onigbolo, lẹ́bàá Pobè. Òkun ló bo gbogbo ibẹ̀ ní ohun tó ju mílíọ̀nù 50 ọdún lọ sẹ́yìn. Òkun yẹn fi òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì sílẹ̀, ó sì fi amọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ò rí nǹkan: ilẹ̀ tó ń fún wa ní sìmẹ́ńtì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó ń fọ́ ọ!

Ìdánwò tí mo ṣe nílé

Èyí rọrùn, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ wá amọ̀ tí àwọn tó ń sin ológbò máa ń dà sínú àpótí ológbò, irú èyí tó máa ń dì pọ̀ tí omi bá kàn án. Irú amọ̀ tó ń wú yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ rọra dà á o, kí eruku rẹ̀ má wọ imú yín.

Mo mú ife ike mẹ́ta tí èèyàn lè rí inú wọn. Mo da iyanrìn sí ìkíní. Mo da amọ̀ ológbò sí ìkejì. Mo da amọ̀ ológbò sí ìkẹta, mo sì kó òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí. Mo fi bírò fa ìlà sí ibi tí ìkọ̀ọ̀kan dé, mo sì bu omi díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ kejì, iyanrìn ò kúrò níbi tó wà. Amọ̀ inú ife kejì ti gòkè kọjá ìlà rẹ̀ ní ìbú ìka kan. Ìkẹta ló jẹ́ kí n dìde dúró. Omi ti sáré gba àárín òkúta kọjá, amọ̀ sì ti mu gbogbo rẹ̀. Ó ti gbé òkúta wẹ́wẹ́ sókè, apá kan ga ju apá kejì lọ. Ká ní bisikíìtì wà lórí rẹ̀, ó ti fọ́.

Mo wá rántí ohun tí Dádì sọ fún Bàbá Kékeré lórí fóònù nígbà yẹn: "Wa ilẹ̀ náà jin, kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní sẹ̀ńtímítà 15, kí o da kọnkéré sẹ̀ńtímítà 10 lé e. Bí a ṣe ń ṣe é ní Toronto nìyẹn."

Ní Toronto, ó dára bẹ́ẹ̀. Níbí, ọ̀tá wa ni omi tó di yìnyín. Tí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, á sì gbé ilẹ̀ sókè. Nítorí òtútù yìí ni ìpìlẹ̀ ilé fi máa ń jin tó mítà 1.2 níbí. Òkúta wẹ́wẹ́ ń jẹ́ kí omi sá kúrò lábẹ́ kọnkéré kó tó di yìnyín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbẹ́ kòtò sínú amọ̀ dúdú, tí ẹ kó òkúta sí i, tí omi ò sì rí ibi jáde, àwo ọbẹ̀ lẹ ṣe yẹn. Omi á jókòó síbẹ̀, amọ̀ á máa mu ún títí.

Mo tẹ Bàbá Kékeré láago

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún Dádì. Mo kọ́kọ́ pe Bàbá Kékeré lórí fídíò, Mọ́mì sì jókòó tì mí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hámà lu ibi tó là yẹn fún mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n lù ú. Ó dún gbọin-gbọin. Wọ́n fi ìṣó ha á, kò bu. Tí sìmẹ́ńtì bá kéré nínú kọnkéré, ó máa ń bu bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ. Tiwọn kò bu. Ó kàn là sí ègé ńláńlá tó le, etí rẹ̀ sì ti gbé sókè.

Màmá Àgbà ń gbọ́ wa. Wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ dúdú yìí lẹ fẹ́ kó sùn? Bàbá mi kì í kọ́lé sórí rẹ̀. Oko ló ń fi í dá."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú Dádì, mo sì fi fídíò hámà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún padà gbé ife kẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí kọ̀rídọ̀, mo sì gbọ́ tí wọ́n ní, "Àbúrò mi, má bínú. Èmi ni mo ní kí o kó òkúta síbẹ̀."

Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é?

Èmi, Dádì àti bíríkìlà kan ní abúlé jọ kọ èyí sílẹ̀:

1. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú kúrò débi tí ẹ bá lè kó o dé, kí ẹ fi yangí rọ́pò rẹ̀. Amọ̀ inú yangí kì í fi bẹ́ẹ̀ wú. Ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀, kí ẹ gún un dáadáa, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, ìkọ̀ọ̀kan bíi sẹ̀ńtímítà 15. Tí ilẹ̀ dúdú bá jìn jù, àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà máa ń po ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n ti fi iná sun mọ́ ọn, kó má baà wú mọ́. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn o, ó ń jó ojú àti ara.

2. Ẹ má da kọnkéré nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ tó ti là. Tí òjò bá padà dé, á wú lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ló dára.

3. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ dagun: sẹ̀ńtímítà méjì nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ kí omi òrùlé má dà síbẹ̀. Ẹ má gbin igi ńlá tì í, torí gbòǹgbò á máa fa omi ilẹ̀ apá kan.

4. Ẹ pín in. Kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ńtímítà 10 yẹ kó ní ìlà gígé ní mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, kí ìlà náà jin tó ìdá mẹ́rin ìnípọn rẹ̀. Tó bá fẹ́ là, ibẹ̀ ló máa là sí. Ẹ fi àyè tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri ilé.

5. Irin rọ́ọ̀dù ò ní kí kọnkéré má là, ṣùgbọ́n á di ibi tó là mú kó má ṣí gbàyàwù. Àárín ni kó wà, kó má sùn sílẹ̀.

6. Oòrùn ibẹ̀ mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ sì wọ́n omi sórí yangí kí ó má fa omi kọnkéré mu. Ẹ má bu omi kún kọnkéré torí pé ó ń le. Omi àpọ̀jù ló máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Tó bá ti dì, ẹ fi àpò tútù àti náílọ̀nù bò ó fún ọjọ́ méje, kí ẹ máa bu omi sí i.

Ní oṣù kọkànlá, tí òjò bá ti lọ, Bàbá Kékeré fẹ́ tún un dà. Yangí ti wà nílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń pe Dádì báyìí, wọ́n á jọ máa jiyàn lórí bí gọ́tà ṣe máa jin tó. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá mo gbọ́n. Mo kàn mọ̀ pé kí èèyàn tó pe ẹnì kan ní olè, kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún yín

1. Kí ló dé tí òkúta wẹ́wẹ́ fi wúlò ní Toronto, tó sì ba iṣẹ́ jẹ́ lórí ilẹ̀ dúdú?
2. Báwo ni hámà ṣe fi hàn pé Bàbá Kékeré ò jẹ owó?
3. Ẹ bi àwọn òbí yín: irú ilẹ̀ wo ló wà nílùú yín, pupa ni àbí dúdú?