Kò tàn, kì í tàn, kò tàn mọ́

"Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà mi ti kú o."
"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Kí ló ń ṣe é gan-an?"
"Ṣebí mo ní ó ti kú!"

Irú ìpè báyìí kì í tán lórí fóònù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Obìnrin náà ò purọ́, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Iná ń kú, fóònù ń kú, mọ́tò ń kú sójú títì, gbogbo wọn náà ló sì tún ń jí. Bí "ó ti kú" bá jẹ́ gbogbo àlàyé tí ẹ ní, ẹnjiníà á kàn ní kí ẹ máa gbé e bọ̀ ni, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ẹ̀yìn ríro.

Ìyísódì Yorùbá ṣe é lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Kò tàn" ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: mo tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. "Kì í tàn" ń sọ ìwà tó ti mọ́ ọn lára. "Kò tàn mọ́" jẹ́rìí sí i pé ó ń tàn tẹ́lẹ̀, ohun kan ló ṣẹlẹ̀ láàárín. "Kò tíì tàn" ní tirẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ ṣì jókòó tì í, ó ń retí ni. Ọ̀rọ̀ méjì sì ni "kì í" nínú àkọtọ́, ẹ má so wọ́n pọ̀. Ẹ má sì kọ "kì í ń tàn": ibi tí "máa ń" wà ni "kì í" ti gbà, "ń" kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́.

"Kò tàn mọ́" ló sábà máa ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí NEPA mú iná dé pẹ̀lú agbára. (Láti 2005 ni orúkọ ti yí padà sí PHCN, wọ́n sì ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àwọn aládàáni ní 2013. Ẹnu wa ò gbọ́.) Pawa páàkì ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki wáyà bọ iná rárá: ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ ní súwíìsì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná tiwọn kò ju fólítì 120 lọ, tiwa jẹ́ 230. Bí súwíìsì yẹn bá wà lórí 115 tí ẹ fi tan kọ̀ǹpútà nílé yín, gbàù lẹ ó gbọ́, òórùn á sì tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún ẹnjiníà pé ó dún, pé ó rùn, pé ó jóná. Ẹ fi "ná" yẹn kún un o, torí "ó jó" nìkan lè jẹ́ ti ijó.

"Kì í tètè tàn" tún yàtọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kó tó wá jí nígbà tó bá wù ú. Kápásítọ̀ ló sábà wà nídìí èyí. Àwọn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 gba orúkọ burúkú nítorí rẹ̀, Dell OptiPlex GX270 wà lára wọn. Ẹ ṣí ikùn kọ̀ǹpútà, ẹ wo àwọn kápásítọ̀ náà, àwọn agolo kéékèèké tó dúró lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù: orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá wú, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ bá ń sun níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé yín nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń pè ní òkú jù lọ ni kò kú rárá: "Ó tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú." Fáànù ń yí, iná iwájú ń tàn, kò sí àwòrán. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà mọ́nítọ̀ ló tú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà iná kúrò, ẹ fa RAM jáde, ẹ fi írésà pa ẹnu wúrà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ tì í padà títí igun méjèèjì á fi dún kọ́. Bó bá ń han píì-píì, ẹ fara balẹ̀ kà á. Píì gígùn kan àti kúkúrú méjì nínú BIOS Award, káàdì àwòrán ló ń ké. BIOS ti AMI ní kíkà tirẹ̀.

Nígbà mìíràn yóò tàn, yóò dúró sójú kan, yóò ní kí ẹ tẹ F1, ọdún á sì ti padà sẹ́yìn jìnnà. Ẹ lè sọ pé "kì í rántí ọjọ́ mọ́": ìwà ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbólóhùn kan gba méjèèjì. Bátìrì CR2032 tó wà lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù ló ti rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀, mìlímítà 20 ní fífẹ̀, 3.2 ní nínípọn, fólítì 3 ló sì ń gbé jáde. Ẹ mú ògbólógbòó náà dání lọ sọ́jà, torí CR2025 jọ ọ́ dáadáa, ó kàn tín-ín-rín jù ú lọ ni.