KÚTÚBÀ JÍMỌ̀: ÈÉFÍN KÒ MỌ ÀÀLÀ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ní ọdún 2006, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé yìí jiyàn lórí sìgá mímu nínú ilé ọtí àti ilé ẹgbẹ́ aládàáni. Ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ yọ ilé ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní àgbàlagbà ni ọmọ ẹgbẹ́, ilé wọn sì ni. Ẹni tí kò fẹ́ èéfín kí ó má wá. Àwọn yòókù béèrè pé: òṣìṣẹ́ tí ń gbé ife fún wọn ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ìbò 384 borí 184, wọn kò sì yọ ilé ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 2007.

A kì í wọ ilé ọtí. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ànábì wa fi àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe fún wa. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ fẹ́ dá ihò lu sí ìpín tiwọn, kí wọ́n lè máa rí omi pọn láì yọ ará òkè lẹ́nu. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni yóò rì. Bí a bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Omi kò mọ ààlà ìpín. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín kò mọ ẹni tí ó san owó ẹgbẹ́.

Òtítọ́ ni pé ẹ̀sìn wa kọ kí a máa tojú bọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a tì kì í sọ ìpalára di ẹ̀tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Òfin yìí kan náà ló mú ṣíṣà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fà. Omi inú ìgò rẹ̀ kì í fọ májèlé kúrò nínú èéfín. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2015, a kò gbọdọ̀ mu sìgá nínú mọ́tò tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá wà. Kò sí ọlọ́pàá nínú pálọ̀ wa, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ń rí wa, àyà àwọn ọmọ wa sì ń gba ohun tí a bá fẹ́ jáde.

Ẹni tí ó bá ń tiraka láti fi í sílẹ̀, kí ó má tijú. Kí ó bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun. A ó ṣe àdúà, a ó sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́. Àmín.