Ìwé Àṣẹ: Bí Onímọ̀ Ṣe Ń Fọwọ́ Kan Òògùn Tí Òfin Dè



Níbi ìjókòó ẹ̀kọ́ wa, àwọn kan nínú yín tí ń kọ́ ìmọ̀ nípa oògùn ní yunifásítì bi wá ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní: bí òfin bá ti kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní igbó tàbí kokéènì lọ́wọ́, báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ ohun tó wà nínú wọn? Ta ló yọ̀ǹda fún wọn? Ìbéèrè gidi ni. Ní ti mímu nǹkan wọ̀nyí láti fi pa ara ẹni bí ọtí, ẹ ti gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́nu àwọn àlùfáà wa, a kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ìwé àṣẹ ni ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò gbà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Raphael Mechoulam, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilé ìwádìí Weizmann ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ń wá igbó tí yóò yẹ̀ wò. Àwọn ọlọ́pàá ni ó lọ bá. Wọ́n fún un ní hàṣíìṣì kílò 5 nínú èyí tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì padà síbi iṣẹ́, òórùn rẹ̀ sì gba inú ọkọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ó wá yé e pé òun àti ọlọ́pàá ti jọ rú òfin, nítorí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ni ó ní àṣẹ láti fún un. Ó lọ tọrọ àforíjì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bá a lọ. Nígbà tó di 1964, òun àti Yechiel Gaoni ti yọ THC jáde lódidi, èyí tí í ṣe èròjà inú igbó tí ń yí ọpọlọ ènìyàn padà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí bí ọ̀nà náà ti kúrú tó, nítorí a óò rí òmíràn tí kò kúrú.

Níbo ni irú àṣẹ yìí ti ṣẹ̀ wá? Àdéhùn àgbáyé ti 1961 lórí òògùn olóró, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, kò sọ pé kí a pa àwọn òògùn wọ̀nyí rẹ́ kúrò láyé. Ohun tó wí ni pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi wọ́n mọ sí ọ̀ràn ìwòsàn àti ìwádìí ìjìnlẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ ni mọ́fíìnì tí a ń fún alárùn jẹjẹrẹ nítorí ìrora ti rí àyè tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, NDLEA tí a dá sílẹ̀ ní 1989 ni ó ń lé àwọn oníṣòwò òògùn olóró kiri. NAFDAC, tí òfin 1993 gbé kalẹ̀, ni òfin fún ní agbára láti fọwọ́ sí kíkó irú oògùn bẹ́ẹ̀ wọlé fún ẹni tó yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju ti èkíní lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1970 pín àwọn oògùn wọ̀nyí sí ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní ni èyí tí ó le jù: hẹroíìnì wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n fi igbó sí nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi oògùn ìpele kìíní ṣe ìwádìí yóò kọ̀wé sí àjọ tí wọ́n ń pè ní DEA. Yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó kọ́, ohun tó fẹ́ wádìí, iye oògùn tó nílò, ẹ̀dá tí yóò lò ó fún, ì báà ṣe eku tàbí ènìyàn, àti iye tí yóò máa fún wọn. Yóò sọ ibi tí iṣẹ́ yóò ti wáyé, ibi tí oògùn yóò ti wá, àti irú àpótí tí yóò tì í mọ́. Àwọn aláṣẹ ètò ìlera yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó mọ iṣẹ́ náà àti bóyá ìwádìí náà nítumọ̀.

Bí ìwé bá jáde, ẹ má rò pé ó parí. Ibi iṣẹ́ tí a kọ sínú rẹ̀ nìkan ni ó mọ. Ṣáájú 2025, bí ẹni náà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ìwé mìíràn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ ìwé ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun lọ sílé. Gbogbo èyí tó wọlé, èyí tí a lò àti èyí tó kù ni a óò kọ sílẹ̀. Ó kéré tán, lọ́dún méjì méjì, a óò tún ka gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bí a bá jí nínú rẹ̀, àjọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Èyí tó ṣẹ́kù, a kì í dà á sí gọ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa kó owó ẹgbẹ́ pamọ́ rí, ẹ mọ irú ìwé kíkọ tí a ń wí: kọ́bọ̀ kan tí kò bá dọ́gba, oorun kò ní wá.

A kò bínú sí gbogbo ìyẹn. Ibi tí ó ti ń dun ni ní ni ìgbà tí àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀kùn bá kọ̀ láti ṣí i.

Láti 1968, oko kan ṣoṣo ní yunifásítì Mississippi ni ìjọba Amẹ́ríkà ń gba igbó ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníwàádìí ń ráhùn pé ohun tí wọ́n ń rí gbà kò dára. Ní 2017, oníṣègùn kan ní Arizona, Sue Sisley, fi èyí tí wọ́n fún un hàn, ó rí lúbúlúbú bí àtíkè. Ṣáájú èyí, ní 2001, Lyle Craker, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ohun ọ̀gbìn ní Massachusetts, ti kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbìn ín fún ìwádìí. Ní 2007, adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà nínú àjọ DEA fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fún un. Ní 2009, ìgbákejì olórí àjọ náà kọ̀, ó ní èyí tí wọ́n ń gbìn ní Mississippi ti tó. Craker gbé e lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ó sì pàdánù níbẹ̀ ní 2013. Ọdún 12 gbáko! Igi kan ṣoṣo kò hù lóko rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Àdéhùn 1961 kan náà ló de àwọn náà. Ṣùgbọ́n ní 1998, ìjọba wọn fún ilé-iṣẹ́ GW Pharmaceuticals ní ìwé àṣẹ láti gbin igbó fún ìwádìí. Nínú èyí ni wọ́n ti rí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Epidiolex, láti ara èròjà inú igbó tí kì í pa ènìyàn bí ọtí rárá. Irú wárápá líle méjì tí ń bá àwọn ọmọdé jà ni ó kọ́kọ́ wà fún. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gìrì nígbà púpọ̀ lóòjọ́ wá ń ra ohun tí wọ́n wádìí lókè òkun.

Ní oṣù Karùn-ún 2021 ni DEA kéde pé àwọn òmíràn yóò lè gbìn ín fún ìwádìí. Nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2022, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ìwádìí igbó: bí onímọ̀ bá kọ̀wé, ọjọ́ 60 ni ìjọba ní láti fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n sọ ohun tó kù tí wọ́n fẹ́ mọ̀.