Ìpara iṣu igbó tí ọmọ fi ránṣẹ́

Dókítà, ẹni ọdún 52 ni mí. Nǹkan oṣù mi ń ṣe ségesège, ooru á sì ṣàdédé bò mí lóru, màá làágùn títí aṣọ ibùsùn á fi rin. Ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìpara iṣu igbó ránṣẹ́, wọ́n ní ó ń dá họ́mónù obìnrin padà. Ṣé kí n máa fi para? – Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ bá mi kí ọmọ yín, ó káre. Ṣùgbọ́n ìpara yẹn kò lè dá họ́mónù kankan padà.

Òótọ́ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Russell Marker, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Amẹ́ríkà, wá iṣu igbó kan dé Veracruz ní Mẹ́síkò. Èròjà inú rẹ̀, diosgenin, ló sọ di progesterone, ọ̀kan nínú àwọn họ́mónù obìnrin. Ní 1944, ó bá àwọn kan dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ ní Mẹ́síkò. Àmọ́ iná àti kẹ́míkà líle ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Ara wa kò mọ̀ ọ́n ṣe: ẹ fi para ni o, ẹ sè é jẹ ni o, diosgenin á ṣì máa jẹ́ diosgenin. Ní Ọsirélíà, wọ́n fún obìnrin 23 ní ìpara náà fún oṣù mẹ́ta, wọ́n tún fún wọn ní ìpara lásán fún oṣù mẹ́ta. Ooru wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Aṣọ òwú fúyẹ́ ni kí ẹ máa wọ̀ sùn, ẹ dín ata àti kọfí alẹ́ kù. Bí kò bá ṣe é fara dà, oògùn họ́mónù gidi wà, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ọmú àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò kó tó kọ ọ́ fún yín. Bí nǹkan oṣù bá sì dáwọ́ dúró fún ọdún kan gbáko, tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣu yìí kan ẹ̀yin náà, Bàbá tó kọ̀wé láti Ṣakí, tó pa oògùn ìtọ̀ ṣúgà tì torí èsúrú: lóòótọ́, wọ́n ti fi omi èsúrú dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ehoro kù. Ẹ̀yin kì í ṣe ehoro, Bàbá. Èsúrú tẹ́ ẹ sè jẹ, iṣu náà ni, ó ń di ṣúgà lára. Ti inú igbó tilẹ̀ ní májèlé tó lè fa gìrì. Ẹ padà sídìí oògùn yín lónìí, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà yín wò láàárọ̀ ọ̀la kẹ́ ẹ tó fẹnu kan nǹkan.