Ìṣirò Sogúndogójì àti Iṣẹ́ Tuntun Àjọ SEC

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ìṣirò la ó fi bẹ̀rẹ̀, òfin á tẹ̀lé e.

Ẹnìkan fi 10,000 náírà sínú ètò kan tó ní òun á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí kò bá yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, á di 20,000 lóṣù kìíní, 40,000 lóṣù kejì, 80,000 lóṣù kẹta. Ẹ má kánjú, ẹ máa kọ ọ́ lọ. Lóṣù kejìlá, ohun tó máa wà nínú ìwé yín ni 40,960,000 náírà. Ta lẹ mọ̀ tó ń dá oko tàbí tó ń tajà tí èrè rẹ̀ rí báyìí?

Irú ètò yìí là ń pè ní sogúndogójì. Níbo wá ni owó tí wọ́n ń san fáwọn tó kọ́kọ́ wọlé ti ń wá? Ọwọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ni. Bí alákòóso ètò bá ti ná owó ẹni àkọ́kọ́, èèyàn méjì ní láti mú 10,000 wá kí 20,000 tiẹ̀ tó pé. Àwọn méjì yẹn ń wá mẹ́rin, mẹ́rin ń wá mẹ́jọ. Nígbà tó bá fi máa di ìpele kejìdínlọ́gbọ̀n, èèyàn tí wọ́n ń wá á ti lé ní mílíọ̀nù 268. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà pátá kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní ṣebí bí àjọ táwọn ìyá wa ń dá náà ni. Rárá o. Nínú àjọ, iye tí o dá ni wàá kó. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí èlé fún ẹ, ìdí nìyẹn tí owó fi ń kárí dé orí ẹni tó kó kẹ́yìn.

Ó wá kan òfin. Ìgbìmọ̀ kékeré kan lábẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ ló kọ́kọ́ ń mójú tó ọjà ìdókòwò wa, lọ́dún 1962. Ìmọ̀ràn lásán ló lè fúnni, kò ní òfin lẹ́yìn. Ọdún 1979 ni òfin gbé SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà náà, kalẹ̀. Títí dé abẹ́ òfin ìdókòwò ọdún 2007, ṣíà, bọ́ǹdì àti irú wọn ni àjọ náà ń ṣọ́ jù. Ibẹ̀ làwọn gbájúẹ̀ ti rí àyè: wọ́n á ní tàwọn kì í ṣe ṣíà, kírípítò ni.

Lóṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun. Ó fi kírípítò àti àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ sábẹ́ SEC. Àmọ́ èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ó ka àdéhùn ìdókòwò mọ́ ohun tí SEC ń ṣọ́: bí o bá gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí o ní kó máa retí èrè látinú làálàá tìẹ, orúkọ yòówù kí o pè é, ọ̀rọ̀ náà kan SEC. Fún sogúndogójì, ìtanràn kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí méjèèjì.

Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni CBEX, ètò kan tó ń ṣèlérí ìlọ́po méjì lóṣooṣù, dáwọ́ owó sísan dúró. SEC ní kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ní Ìbàdàn, àwọn tínú ń bí já wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Àga àti ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n rí kó. Ẹnu fóònù lowó ti wọlé, ibẹ̀ náà ló gbà jáde.

Àtúnṣe kan tún wà lọ́dọ̀ SEC tí kò pariwo. Ẹni tó ra ṣíà tẹ́lẹ̀ ń dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kí owó àti ṣíà tó pààrọ̀ ọwọ́. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó di méjì. Bí àkókò yẹn bá ṣe gùn tó ni àyè ṣe wà tó fún ẹnìkejì láti kùnà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: lọ́dún 2016, ètò sogúndogójì kan tó ń jẹ́ MMM ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ẹ fi 10,000 náírà ṣe é fún oṣù 12, kí èlé máa gorí èlé. Bí ìdáhùn yín bá súnmọ́ 233,000, ẹ gbà á.