Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Owó Ìlú Kì Í Ṣe Owó Ẹnì Kan

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun: rìsíìtì, agbowó, àbẹ̀tẹ́lẹ̀, káńsù

Lónìí, a ó kà nípa owó tí gbogbo wa jọ ni.

1. Iṣẹ́ wo ni owó ìlú ń ṣe?
Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Irẹ́pọ̀dùn ni ti àwa ará Òmù-Àrán àti Èsìẹ́. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀ àti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun lé káńsù lọ́wọ́. Káńsù tún ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera. Owó tí à ń san lọ́jà àti owó tó ń ti Àbújá wá ni wọ́n fi ń ṣe é.

2. Báwo ló ṣe ń sọnù?
Ká ní agbowó kan gba ₦200 lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà, ṣùgbọ́n ₦100 ló kọ sínú rìsíìtì. Ìyá náà kò mọ̀wé, ó ká a sí ìdí aṣọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá 40, ₦4,000 ti lọ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ ọjà 10, ó di ₦40,000. Ta ló san gbèsè yìí? Ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì ni. Aboyún tí wọ́n ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ̀bí rẹ̀ ni.

3. Owó ńlá ńkọ́?
Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó àwọn káńsù ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti pọ̀ jákèjádò Nàìjíríà pé owó kì í dé káńsù bó ṣe yẹ. Ní July 11, 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Ní September 21 ọdún náà, a dìbò káńsù ní Kwara. Nítorí náà, bí afárá bá já, alága àti káńsílọ̀ wa ni ká kọ́kọ́ bi.

4. Ẹni tó ń fúnni ńkọ́?
Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin ọdún 2000 lórí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ẹni tó gbà á àti ẹni tó fún un, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà fún wọn.

5. Kí ni a ó ṣe?
Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níwájú agbowó. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí káńsù ṣe náwó, ẹ jọ kọ lẹ́tà. Òfin ọdún 2011 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fèsì láàárín ọjọ́ 7. Kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi bèèrè. Ẹni tó lè kàwé ni òfin yìí wúlò fún jù.

Ìbéèrè
1. Èló ni agbowó yẹn kó jẹ lọ́jọ́ ọjà kan?
2. Ta ni òfin ọdún 2000 mú?
3. Ẹ mú rìsíìtì kan wá sí kíláàsì. Ẹ ka iye owó àti ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ sókè.